Apá Òsì Orí Tíṣà

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nìyí. Ó há, àmọ́ ó mọ́: dígí ńlá kan lára ògiri, àga kan tó ń yí, àti bẹ́ǹṣì kan tí àwọn oníbàárà fi ń dúró de ara wọn. Kò sẹ́ni kankan lórí bẹ́ǹṣì náà lọ́sàn-án yìí. Orí àga tó ń yí ni ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà jókòó sí. Kì í ṣe tíṣà o, fíríìjì ló ń tún ṣe. Ìwé tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ti jẹ́ orúkọ náà títí àlàyé fi sú u. Wọ́n ti so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, òun náà ti yọ ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ aṣọ náà, ó ti ṣí ìwé lé orí itan. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Bí kílípà bá ń kùn létí rẹ̀ báyìí, tí kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dìde wá wo fíríìjì, ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti máa ń dùn mọ́ ọn jù.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń retí rẹ̀ nílé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí wọ́n lè jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá ọmọ ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò fẹ́ rí irun bí igbó yẹn lórí ẹni tó bá máa jókòó sórí àga òun. Gbogbo ohun tí Tíṣà ní láti ṣe lónìí ò ju pé kí orí rẹ̀ mọ́, kó sì dé ibẹ̀.

"Dúró ná," ni onígbàjámọ̀ wí.

Tíṣà rò pé kílípà ti sún mọ́ etí. Ó gan síbẹ̀, kò tilẹ̀ mí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rọra ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn.

"Mo ní kí o dúró ná."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mira."

"Ta ló sọ pé o mira? O ti ṣí ìwé. Mi ò tíì kà á dé ìsàlẹ̀."

Tíṣà gbójú sókè wo dígí. Àgbọ̀n onígbàjámọ̀ ló rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ètè ọkùnrin náà sì ń mì pẹ́pẹ́pẹ́ láìsí ohùn.

"Ẹ̀yin náà ń kà á ni?"

"Mi ò kà á o. Ojú mi kàn bọ́ sí i ni."

"Láti ibo lojú yín ti bọ́ sí i?"

"Láti ibi tí ọkùnrin kan ti kan ilẹ̀kùn, tó mú gúlóòbù iná lọ́wọ́, tí obìnrin oníbúrẹ́dì wá ń wò ó bí ẹni tó rí òkú." Ó pa kílípà. "Ṣí i padà, jọ̀ọ́."

Tíṣà ṣí i padà. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá ìwé kà láìrí ẹni tó máa bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀. Ọkọ obìnrin oníbúrẹ́dì ló jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ń lọ ra gúlóòbù, kò sì padà wálé. Obìnrin náà kọ̀, kò ra òmíràn. Inú òkùnkùn ló ti ń yan búrẹ́dì láti ìgbà náà, òórùn ló fi ń mọ èyí tó ti jinná. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni ọkùnrin kan tó ní ojú ọkọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó na gúlóòbù sí i, ó ní kó má bínú, èrò ló pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Òpùrọ́," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì tan kílípà padà. "Kì í ṣe ọkọ ẹ̀."

"Ọkọ ẹ̀ ni. Ó mọ orúkọ tó ń pè é ní yàrá."

"Orúkọ mélòó làwa ọkùnrin ń pe obìnrin ní yàrá? Ẹni yòówù lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn pé obìnrin náà ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ọ̀tún ni ọkọ ẹ̀ ń lò, òsì ni eléyìí fi mú ṣíbí."

"Ọwọ́ lè yí padà, ẹ̀gbọ́n."

"Ọwọ́ tèmi ò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè nínú dígí láti fi ṣe ẹlẹ́rìí, kílípà ń kùn nínú rẹ̀. Bó ṣe dá a padà, ó fi ìbínú gbá a kọjá lókè etí, irun sì jábọ́ gbàà.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Orí mi ló wà níbẹ̀."

"Ọkùnrin yẹn ló ń bí mi nínú. Màá tún un ṣe. Ṣí ìwé."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn pé tí onígbàjámọ̀ bá ka ojú ewé kan tán, kó fi ìka tọ́ Tíṣà léjìká, kí Tíṣà sì ṣí i. Tíṣà yára jù ú lọ púpọ̀. Á ti ka ojú ewé náà tán, á ti tún un kà, á ti ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ìka yẹn tó dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé níbi tí ìtàn bá ti rọlẹ̀, kílípà á máa rìn jẹ́jẹ́, àmọ́ níbi tó bá ti gbóná, kílípà á dúró sójú kan, á máa fá ibẹ̀ lọ. Nígbà tí Tíṣà tún wo dígí, ó rí i pé ibi tí obìnrin náà ti ṣá ìṣáná wo ojú ọkùnrin yẹn ti di ojú ihò roboto kan lẹ́bàá etí rẹ̀.

Ìtàn rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, onígbàjámọ̀ sì ráyè sọ̀rọ̀.

"Báwo lo ṣe ń mọ irú ìwé tó máa dùn báyìí?"

"Mo máa ń ṣí i láàrin, màá ka ojú ewé kan. Tí mi ò bá rí ẹni tó ń jẹun níbẹ̀, tàbí ẹni tí ebi ń pa, màá dá a padà."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ò fẹ́ràn àwọn èèyàn ẹ̀. Ó kó wọn jọ sínú odindi ìwé, kò rántí pé wọ́n máa jẹun."

Onígbàjámọ̀ ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Tí wọ́n bá ń jẹun jù ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo máa ń kà tí ọbẹ̀ bá tán nílé."

Tíṣà ní òun ní ètò fún gbogbo ìwé. Èyí tó bá sanra lòun ń mú lọ sílé àwọn oníbàárà, torí tí òun bá ń fa gáàsì sínú fíríìjì, kò sí ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe. Èyí tó bá tín-ínrín wà fún ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Èyí tí wọ́n bá ti ń jà nínú ẹ̀, ìdúró lòun fi ń kà á, kí òun lè tètè sá. Òun kì í sì í dùbúlẹ̀ kàwé láéláé, torí ìwé kan tí òun fẹ́ràn gan-an ló já lé òun nímú nígbà kan, àárín àwọn ò sì tíì gún láti ìgbà náà.

"Pẹ̀lú gbogbo èyí, o ò wá ṣe tíṣà lóòótọ́?"

"Fíríìjì kì í béèrè ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n."

Ìka tọ́ ọ léjìká. Ó ṣí i. Ìtàn ti gbóná padà. Ọkùnrin náà ti ní kí obìnrin gbé àga wá, òun fẹ́ fi gúlóòbù síbẹ̀ kí ilé mọ́lẹ̀. Ó gun àga. Obìnrin náà dúró nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún. Ó mọ̀ pé tí iná bá fi lè tàn, òun á rí ọwọ́ tó nà sókè yẹn, òun á sì mọ̀ bóyá ọkọ òun ni. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

Ìka tọ́ Tíṣà léjìká. Tíṣà ò ṣí i. Ìka tún tọ́ ọ. Tíṣà pa ìwé dé.

"Ó tán," ló wí.

"Kí ló tán? Ọkùnrin ṣì wà lórí àga."

"Ibi tí mò ń kà á dé nìyẹn."

Onígbàjámọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i dé ibi tí wọ́n dúró sí, ó ṣí i síwájú, ẹ̀yìn ìwé ló bá pàdé. Ó fi àtàńpàkò kan etí àwọn ojú ewé tí wọ́n ti gé kúrò níbẹ̀, wọ́n gé wọn dọ́gba dọ́gba.

"Wọ́n ti gé e. Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí?"

"Èmi ni."

"Kí lo fi gé e?"

"Abẹ yín. Èyí tí mo tọrọ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́sí."

"Ṣebí irùngbọ̀n lo ní o fẹ́ fi fá."

"Ẹ̀yin lẹ pè é ní irùngbọ̀n. Èmi kàn dákẹ́ ni."

Ó wá di dandan kí Tíṣà ṣàlàyé. Ó ní tí òun bá ti ra ìwé, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á rárá, òun á kọ́kọ́ gé ìparí rẹ̀ kúrò. Tí òun bá fi í síbẹ̀, ojú òun á bọ́ sí i, bí ojú àwọn kan tí òun ò ní dárúkọ. Òun ò sì lè sọ ọ́ nù, ìwé ni. Àfẹ́sọ́nà òun lòun ń kó wọn fún pé kó bá òun tọ́jú wọn.

"Ó ń kà wọ́n?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Ó ń kà wọ́n. Ó ní wọ́n ń dùn."

"Ìparí nìkan?"

"Ìparí nìkan. Kò ní ìbẹ̀rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ilé tìẹ kún fún ìwé tí kò níparí. Ilé ìyàwó kún fún ìparí tí kò ní ìwé. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń fẹ́ra yín."

"Ó ti pẹ́ tá a ti ń fẹ́ra."

"Mo gbà. Kò lè yá." Ó wò ó nínú dígí. "Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù níbẹ̀?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí aṣọ funfun mọ́ ìka rẹ̀. Ó ní tí ìwé bá ti parí, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á kó ẹrù wọn lọ, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lòun ò lè fara dà. Àmọ́ tí òun ò bá kà á parí, gbogbo wọn ṣì wà nílé: obìnrin ṣì ń po ìyẹ̀fun, ọkùnrin ṣì wà lórí àga, kò sẹ́ni tó lọ síbì kankan. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó dé ibi tọ́rọ̀ gan-an wà.

"Ìgbéyàwó ló sì máa ń gbẹ̀yìn gbogbo ìwé, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá ti fẹ́ra wọn tán, kò sí nǹkan kan níwájú mọ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀? O ò ka ìparí rí."

"Àfẹ́sọ́nà mi ló sọ fún mi."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bojú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó jọ pé nǹkan kan ti yé e. Ó bi í pé ṣé kì í ṣe Tíṣà yìí náà lòun gẹ irun fún nígbà kan pé ó ń lọ sílé àwọn àna, tí inú wá run ún lẹ́nu géètì wọn, tó padà sílé? Tíṣà ní òun ni. Ìgbà tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́, tó ní fíríìjì kan bàjẹ́ lójijì?

"Fíríìjì ta ni?"

"Tèmi ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó yọ kílípà kúrò lára iná, ó fi í kọ́ ìṣó. "Ó yá, mo ti ṣe tán."

Tíṣà wo dígí. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti mọ́, yàtọ̀ sí ojú ihò roboto yẹn. Apá òsì wà bó ṣe wà nígbà tó wọlé, ó ga, ó ṣú, ó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wá ẹnìkejì rẹ̀. Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku apá òsì."

"Mo mọ̀. Tí mo bá gẹ irun yẹn tán, wàá dìde, wàá lọ, ṣọ́ọ̀bù á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́. Ilé àna mi ni mò ń lọ."

"Ọkùnrin wà lórí àga, ọwọ́ ẹ̀ wà lókè, mi ò mọ ọwọ́ wo ni. Ta ló lè gẹ irun pẹ̀lú irú ẹrù yẹn láyà? Pe ìyàwó. Tí mo bá ti gbọ́ ìparí, màá gẹ apá òsì."

Tíṣà bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó tún bẹ̀ ẹ́, onígbàjámọ̀ mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ìgbà tí aago tún sún síwájú ni Tíṣà yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà, ó nà án sí i, ó wá ti ìka méjèèjì bọ etí. "Ẹ sọ fún un pé èmi ò fẹ́ gbọ́ o."

Ọwọ́ ò dí etí tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ káàsán. Èmi onígbàjámọ̀ ọkọ yín ni. Rárá o, kò sá. Ó wà níwájú mi níbí. Ìdajì ẹ̀ ti ṣe tán."

Tíṣà wá ti ìka wọlé dáadáa, ó ń kùn lọ́fun kó má bàa gbọ́ nǹkan kan. Inú dígí nìkan ló ti ń rí wọn, ìyẹn ni pé ó ń rí onígbàjámọ̀ àti fóònù. Onígbàjámọ̀ ń ṣàlàyé. Ó fọwọ́ bojú láti fi òkùnkùn hàn, bí ẹni pé ìyàwó ń rí i. Ó po ìyẹ̀fun. Ó kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó jókòó. Ó ṣí ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí tí èjìká rẹ̀ fi ń mì, ó sì wá fi aṣọ ìnura àwọn oníbàárà nu ojú. Tíṣà ò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí. Ó yọ ìka kan díẹ̀, bíńtín báyìí.

"Ìdí tó fi ń sunkún nìyẹn, ìyàwó wa. Inú òkùnkùn ló wà láti ìgbà yẹn. Àṣé ẹ ò mọ̀? Ẹ rò pé gúlóòbù tàn lásán, obìnrin oníbúrẹ́dì wá bú sẹ́kún?"

Tíṣà sáré ti ìka padà. Ó ti pẹ́ jù. Gúlóòbù náà tàn.

Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ dá fóònù padà fún un, ó tan kílípà, ó kọjú sí apá òsì. Kò dúró sójú kan. Ó ń gẹ̀ ẹ́ lọ jẹ́jẹ́, ó ń kọrin sínú, àyà rẹ̀ ti balẹ̀. Tíṣà ni àyà rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹn."

"Ó tàn, àbí?"

"O ní o ò fẹ́ gbọ́."

"Mi ò fẹ́ gbọ́. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ó tàn."

"Ọwọ́ wo ló wà lókè nígbà tó tàn?"

Onígbàjámọ̀ fẹ́ irun kúrò lẹ́nu kílípà. "Ìyàwó ní mi ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, pẹ̀lú gbogbo àwọn yòókù. Ó ní tí o bá fẹ́ mọ̀, kí o dé ilé àwọn òbí òun lágogo mẹ́rin. Ó ní tí inú bá tún run ẹ́ lẹ́nu géètì, òun á dáná sun àpótí náà."

Tíṣà di apá àga mú. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀wé kà, kò tíì fẹ́ mọ ìparí kankan bí èyí. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, àmọ́ ọwọ́ tó wà lókè yẹn ti wá ju ẹ̀rù náà lọ.

"Ó tún sọ nǹkan kan," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ó ní òun ò sọ fún ẹ rí pé ìgbéyàwó ló ń gbẹ̀yìn. Ó ní o béèrè lọ́jọ́ kan bóyá àwọn méjì kan fẹ́ra wọn, òun ní bẹ́ẹ̀ ni, lo bá di etí. O ò jẹ́ kí òun sọ ìyókù."

"Kí ni ìyókù?"

"Ó ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n ṣì ń jẹun nínú ẹ̀."

Tíṣà jókòó títí onígbàjámọ̀ fi gbọn aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀, tó sì pa páúdà sí i lọ́rùn. Inú rẹ̀ ti fúyẹ́, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó dìde, ó fi ìwé sábẹ́ apá, ó dúpẹ́, ó dojú kọ ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń lọ gbé oúnjẹ tirẹ̀. Ó wá fọwọ́ pa ẹ̀yìn orí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá gẹ irun tán. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan níbẹ̀, ó ga, ó sì rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ibí yìí."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀."

"Irun ló wà níbẹ̀. Kí ni kí n sọ fún ìyá ọmọ?"

Onígbàjámọ̀ ti jókòó sórí àga tó ń yí, ó ń yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Sọ fún wọn pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo máa gẹ ìyẹn. Wàá rí i pé ọ̀la ni wọ́n máa mú."